Bí Ó Ti Yẹ Kí A Bi Àwọn Ọmọbìnrin Léèrè Ọ̀rọ̀ Nǹkan Oṣù Wọn

Ohun púpọ̀ ni a ń kà lọ́dọọdún ní agbègbè Aṣéjíre, láti Ìkirè títí dé Àpòmù. A ń ka àpò kòkó, a sì ń gbé e lé orí ìwọ̀n. Àwọn ìjọ ń ka iye àwọn tí a rì bọmi àti iye àwọn tí a sin. Àwọn olùkọ́ ń pe orúkọ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ní òròòwúrọ̀, wọ́n sì ń kọ ẹni tí ó wá àti ẹni tí kò wá sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ó ń kan àwọn ọmọbìnrin tí ó ti bàlágà nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí ní oṣooṣù, tí ó sì jẹ́ pé ní àìpẹ́ yìí ni àwọn olùṣèwádìí ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí wọn yóò fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀rọ̀ nǹkan oṣù ni.

Ó ṣeé ṣe kí àwọn àgbàlagbà kan nínú ìjọ wí pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ kí ó wà nínú ìwé tí a ń gbé kọ́ sí ara ògiri. Ṣùgbọ́n Ìwé Mímọ́ fúnra rẹ̀ kò fi í pamọ́. Ó wà nínú òfin tí Mósè fi lélẹ̀. Rákélì sọ ọ́ fún baba rẹ̀ nígbà tí ó jókòó lé orí àwọn ère. Ìhìnrere sì sọ fún wa nípa obìnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ fún ọdún 12, tí ó ti ná gbogbo ohun ìní rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn. Obìnrin náà kò lè sọ̀rọ̀ ní àárín ọ̀pọ̀ ènìyàn. Pẹ̀lú ìbẹ̀rù àti ìwárìrì ni ó fi jẹ́wọ́ nígbà tí a béèrè. Bí àgbà obìnrin bá wárìrì bẹ́ẹ̀, báwo ni ti ọmọ ọdún 13 yóò ti rí, tí àlejò kan láti ìlú ńlá gbé ìwé ìbéèrè síwájú rẹ̀?

Ìwé ìbéèrè wọ̀nyí ti dé ilẹ̀ wa. Ìwádìí kan tí UNICEF ṣe pẹ̀lú àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ láàárín àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́, tí ó jáde ní ọdún 2015, mú ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Anambra, Katsina àti Ọ̀ṣun tiwa. Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan tẹ ohun tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ògbómọ̀ṣọ́ jáde. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìṣirò ti orílẹ̀-èdè Nàìjíríà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ UNICEF, rán àwọn ènìyàn láti ilé dé ilé ní gbogbo ìpínlẹ̀, nínú ìwádìí tí wọ́n ń pè ní MICS. Nínú àwọn ìbéèrè tí a bi àwọn obìnrin nínú rẹ̀, díẹ̀ wà lórí nǹkan oṣù: ǹjẹ́ ó rí ibi ìkọ̀kọ̀ nínú ilé tí ó ti lè wẹ̀ kí ó sì pààrọ̀, ǹjẹ́ ó lo páàdì tàbí aṣọ, ǹjẹ́ ohun tí ó lò náà ṣeé fọ̀ kí a tún lò, ǹjẹ́ nǹkan oṣù náà mú kí ó pa iṣẹ́, ilé-ẹ̀kọ́ tàbí àpéjọ kankan jẹ.

Iṣẹ́ rere ni èyí, ó sì yẹ kí a dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ ti máa ń yẹ ìwọ̀n oníkòkó wò kí ó tó gbé àpò rẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí àwọn òbí yẹ ìwọ̀n yìí wò pẹ̀lú.

Èkínní, àwọn obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láti ọdún 15 dé 49 ni MICS ń bi ní ìbéèrè wọ̀nyí. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin a sì máa bẹ̀rẹ̀ nǹkan oṣù wọn ní ọdún 12 tàbí 13, àwọn mìíràn ṣáájú ìgbà náà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tuntun fún jù lọ, tí ẹ̀rù ń bà jù lọ, tí kò sì ní owó kankan lọ́wọ́, àwọn gan-an ni a kò bi léèrè. Èkejì, ibi ìkọ̀kọ̀ nínú ilé ni a béèrè. Inú ilé kọ́ ni ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wà láti agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di ọ̀sán. Nílé, ó ní yàrá ìyá rẹ̀, ó ní balùwẹ̀ tí a fi páànù ká, ó ní ìkòkò omi. Ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ìyọnu rẹ̀ wà, níbi tí ṣálángá kan lè wà fún ọkùnrin àti obìnrin pọ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò sì ní ìdè.

Ọ̀rọ̀ pípa àpéjọ jẹ ni ó gba ìrònú jù. Ní Ìkirè àti Àpòmù, onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí ń gbé inú agbo ilé kan náà. Ọmọbìnrin Mùsùlùmí kì í kírun, kì í sì í gba ààwẹ̀ nígbà tí ó bá ń ṣe nǹkan oṣù. Ìlànà ẹ̀sìn rẹ̀ ni. Nínú àwọn ìjọ aláṣọ funfun kan, obìnrin kì í wọ inú ilé àdúrà ní irú àkókò bẹ́ẹ̀. Bí a bá wá bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pé, ǹjẹ́ àpéjọ kan wà tí ìwọ kò lọ nítorí nǹkan oṣù rẹ, òtítọ́ ni yóò sọ bí ó bá dáhùn pé ó wà. Nígbà tí ìwé bá dé Àbújá, a ó kà á mọ́ àwọn tí kò ní páàdì àti àwọn tí kò ní ọṣẹ. Àìní kọ́ ni ó mú un dúró sílé, ìgbọràn sí ìsìn rẹ̀ ni. Bí ìlànà náà bá ní ọ̀rọ̀ nínú, kí àwọn olórí ìsìn jókòó sọ ọ́ láàárín ara wọn; ṣùgbọ́n kí a má ṣe da ohun méjì pọ̀ sínú kóńgò kan.

Àwọn ará Àpòmù ni kò nílò kí ẹnikẹ́ni kọ́ wọn pé ohun kékeré nínú ìṣirò lè dá ọ̀ràn ńlá sílẹ̀. Lórí ọ̀rọ̀ ataare ni aáwọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ nínú ọjà wọn láyé àtijọ́, gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ti kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, aáwọ̀ náà sì di ogun Òwu.

Iye ọjọ́ tí ọmọbìnrin ń pa jẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ ni àwọn olùfẹ́ ìlọsíwájú ń tẹnu mọ́ jù lọ. Ọ̀pọ̀ ìwé ń tún un sọ pé ọmọbìnrin kan nínú mẹ́wàá ní Áfíríkà kì í lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní àkókò nǹkan oṣù rẹ̀. A sọ ọ́ títí ó fi dà bí ẹni pé ẹnìkan ti ká gbogbo Áfíríkà kà á. Àwọn tí ó fara balẹ̀ kà á ní ibì kan ṣoṣo rí ohun tí ó yàtọ̀. Ní ilẹ̀ Nepal, Emily Oster àti Rebecca Thornton tọ àwọn ọmọbìnrin ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́rin lẹ́yìn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní ọdún 2011: ọjọ́ tí àwọn ọmọ náà pa jẹ nítorí nǹkan oṣù kò pé ọjọ́ kan ní ọdún kan. Wọ́n fún àwọn kan ní ife kékeré tí a ń fi gba ẹ̀jẹ̀ nínú ara. Wíwá sí ilé-ẹ̀kọ́ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ní ìgbèríko Màláwì, nínú ìwádìí tí ó jáde ní ọdún 2013, nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ọmọbìnrin ni ó sọ pé àwọn pa ó kéré tán ọjọ́ kan jẹ ní ìgbà tí àwọn ṣe nǹkan oṣù gbẹ̀yìn. Síbẹ̀, nígbà tí a ṣírò gbogbo ọjọ́ tí wọ́n pa jẹ fún ìdí gbogbo, ti nǹkan oṣù kò ju díẹ̀ lọ nínú rẹ̀.

Ǹjẹ́ èyí ha túmọ̀ sí pé kò sí ìyọnu? Rárá o. Ohun tí ó ń fi hàn ni pé ìwé ìpè-orúkọ kọ́ ni ìwọ̀n tí ó yẹ. Ọmọ náà wà nínú kíláàsì, olùkọ́ sì ti fi àmì sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó jókòó gbọn-in, kò dìde dáhùn ìbéèrè, nítorí ó ń bẹ̀rù pé aṣọ rẹ̀ lè ti rin. Ó di ìgbọ̀nsẹ̀ mú láti òwúrọ̀. Aṣọ kan náà ni ó wà lára rẹ̀ láti agogo mẹ́fà. Àwọn olóṣèlú tí ó bá gbọ́ pé ọmọbìnrin kì í sá ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò wí pé kí a gbé owó náà lọ síbòmíràn, àwọn tí ó bá sì gbọ́ pé wọ́n ń sá yóò kó páàdì ẹrù ọkọ̀ kan wá ní ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún, tí í ṣe ọjọ́ tí a ti yà sọ́tọ̀ fún ọ̀rọ̀ yìí ní gbogbo ayé láti ọdún 2014. Wọn yóò ya àwòrán, wọn yóò sì lọ. Nínú àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí ó bi ọmọ náà léèrè ohun tí ń dùn ún.

Ibi tí a ti ṣe dáadáa jù ni ìlú Soroti ní ilẹ̀ Uganda. Julie Hennegan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé ìbéèrè kan níbẹ̀ tí ó ní gbólóhùn 36, wọ́n sì tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2020. Wọn kò béèrè pé kí ni ọmọ náà ní. Ohun tí ó ti rí ní ìgbà tí ó ṣe nǹkan oṣù gbẹ̀yìn ni wọ́n béèrè. Ǹjẹ́ ohun tí ó lò tó láti pààrọ̀ ní ìgbà tí ó fẹ́? Ǹjẹ́ ó ń dààmú pé ẹnìkan yóò rí òun níbi tí ó ti ń pààrọ̀? Ǹjẹ́ ó rí omi àti ọṣẹ fọ aṣọ rẹ̀, ǹjẹ́ ó sì rí ibi sá a títí ó fi gbẹ? Ìdáhùn mẹ́rin ni ó wà: rárá, nígbà mìíràn, lọ́pọ̀ ìgbà, tàbí nígbà gbogbo. Àwọn tí ń lo páàdì àlòsọnù nìkan ni a kì í bi ní ìbéèrè fífọ̀ àti sísá, nítorí náà 28 ni tiwọn. Ohun tí a fi ya ilé sọ́tọ̀ sí ilé-ẹ̀kọ́ sì wà nínú rẹ̀. Ọlọ́gbọ́n iṣẹ́ ni èyí.

Síbẹ̀, bí a bá gbé e wá sí Ìkirè ní kíákíá, tí a kàn yí èdè rẹ̀ padà, yóò bàjẹ́. Wo ọ̀rọ̀ kékeré kan. Bí a bá bi òyìnbó pé, ṣé ìwọ kò rí omi, tí kò sì rí i, bẹ́ẹ̀ kọ́ ni yóò fi dáhùn. Bí a bá bi ọmọ Yorùbá ní ìbéèrè kan náà, tí kò rí omi, bẹ́ẹ̀ni ni yóò wí, ìyẹn ni pé bí o ti wí ni ó rí. Ẹni tí ń kọ ìdáhùn sí abẹ́ àlà tí a ti fi èdè Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ yóò fi àmì sí ibi tí kò yẹ, ọmọ tí kò rí omi yóò sì di ọmọ tí ó rí omi. Kí a má ṣe fi kò sí inú ìbéèrè rárá, àfi bí kò bá ṣeé yẹ̀.

Ìwà ọmọlúàbí pẹ̀lú a máa ba ìwọ̀n jẹ́. Ọmọ tí a tọ́ dáadáa yóò kúnlẹ̀ fún àlejò, yóò wí pé, Ẹ kúuṣẹ́ mà, ohunkóhun tí àlejò náà bá sì béèrè, Bẹ́ẹ̀ni mà ni ìdáhùn rẹ̀. Bí a bá bi í pé ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ dára bí, yóò wí pé ó dára, nítorí kò ní fi ọ̀gá rẹ̀ sùn fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Bí ìyá rẹ̀ bá jókòó tì í, yóò sọ pé páàdì ni òun ń lò, kí a má bàa rò pé wọn kò rí owó rà á. Àti ọ̀rọ̀ náà, kí ni òun ń ṣe aláìní: ọmọ tí kò tíì rí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ó ní ìdè àti omi ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kò ní mọ̀ pé òun ṣe aláìní rẹ̀. Kò sí nǹkan kan mà, ni yóò wí.

Nítorí náà, ẹni tí yóò béèrè ṣe kókó ju ìwé lọ. Kí ó jẹ́ obìnrin. Kí ó má ṣe jẹ́ olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ náà, àti pé kí ó má ṣe jẹ́ ìyàwó pásítọ̀ tàbí ìyàwó ààfáà, bí ó ti wù kí wọ́n jẹ́ ẹni rere tó, nítorí ọmọ yóò tún bá wọn pàdé ní ọ̀la. Àbúrò ìyá ọmọ náà ni ó máa ń gbọ́ àṣírí rẹ̀ nínú agbo ilé. Irú obìnrin bẹ́ẹ̀, tí kò dàgbà jù, tí ó sì gbọ́ èdè Yorùbá bí a ti ń sọ ọ́ ní agbègbè náà, ni ó dára. Kí a gba àṣẹ lọ́wọ́ òbí, kí a sì tún gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ náà, bí ó bá sì kọ̀, kí a jẹ́ kí ó máa lọ láìbínú. Kí a má ṣe kọ orúkọ. Àwọn tí ó mọ ìwé kà dáadáa, kí wọ́n fi àmì sí i fúnra wọn, kí wọ́n sì jù ú sínú àpótí tí a ti pa dé.

Ẹgbẹ́ kan tún wà tí irú ìwádìí wọ̀nyí máa ń fò. Bí a bá ṣe ìwádìí nínú kíláàsì ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ tí inú rírun nǹkan oṣù dá dúró sílé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kò sí níbẹ̀. Òun gan-an ni a wá wá, òun gan-an ni a kò rí. Ó yẹ kí a padà wá ní ọ̀sẹ̀ kejì àti ìkẹta. Àti ọmọ tí ó ti fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀, tí ń kọ́ṣẹ́ irun dídì tàbí aṣọ rírán, tàbí èyí tí ń kiri dòdò Ìkirè fún àwọn ará ọkọ̀ ní ojú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀: níbo ni ó ti ń pààrọ̀? Kò sí ìwé ìpè-orúkọ tí a ó fi wá a. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ tirẹ̀ yóò lọ bá a ní ìdí igbá rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ omi ni ó ń ṣeni ní kàyéfì jù ní agbègbè yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1970 ni a sé odò Ọ̀ṣun ní Aṣéjíre kí ìlú Ìbàdàn lè rí omi mu, omi náà sì fẹ̀ débi pé ẹni tí ó bá gba orí afárá kọjá yóò rí i lọ jìnnà. Ọmọbìnrin lè jókòó sínú kíláàsì kan tí kò jìnnà sí adágún ńlá náà, kí ó má sì rí omi ife kan fọ ọwọ́ rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ tàbí kò rí bẹ́ẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè ni yóò fi hàn, kì í ṣe àbá. Ìròyìn tí UNICEF àti Àjọ Ìlera Àgbáyé jọ gbé jáde ní ọdún 2024 sọ pé ilé-ẹ̀kọ́ 39 péré nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ayé ni ó ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ nǹkan oṣù. Àwọn tí ó ní àpótí ìdalẹ̀ fún un nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin jẹ́ 31 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ní ìhà Áfíríkà tiwa, 11 ni. Òfin ìnáwó ti ọdún 2019, tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2020, yọ owó orí ọjà kúrò lára páàdì tí a ṣe ní ilẹ̀ wa. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra páàdì, tí kò rí ibi tí yóò sọ ọ́ sí, inú ṣálángá ni yóò sọ ọ́ sí tàbí inú igbó, tàbí kí ó dì í sínú ọ̀rá kí ó gbé e lọ sílé nínú àpò ìwé rẹ̀.

Kí àwọn ìyá má ṣe rò pé ìbéèrè wọ̀nyí jẹ́ òfíntótó lásán. Ohun ìlera wà nínú wọn. Aṣọ tí a fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀, tí a sì sá sínú oòrùn títí ó fi gbẹ dáadáa, kò ní ewu. Aṣọ tí a fi pamọ́ sí abẹ́ ẹní nítorí ìtìjú, tí a sì tún wọ̀ ní tútù, a máa bó ara, a sì máa fa ìyún. Ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń dà ju ọjọ́ 7 lọ, tàbí tí páàdì rẹ̀ ń rin gbindingbindin láàárín wákàtí kan tàbí méjì, kí a gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ dókítà, nítorí ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ lè dín kù, kí àárẹ̀ àti òòyì sì máa mú un. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni a máa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ. Èyí tí ó ti pé ọdún 15 tí kò tíì rí nǹkan oṣù rẹ̀ rí, kí a mú òun náà lọ. Ìwé ìbéèrè tí kò bá béèrè iye ọjọ́, ìrora, àti ibi tí a sá aṣọ sí ti fo ibi tí ìlera wà.

Ẹ̀sùn kan wà tí àwọn òbí lè fi kan àwọn olùṣèwádìí, ó sì tọ̀nà: wọ́n ń wá, wọ́n ń béèrè, wọ́n ń lọ, a kì í sì í gbúròó wọn mọ́. Àwọn ìjòyè ìlú, àwọn ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́, àti àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ ní ìjọba ìbílẹ̀ Irẹ́wọlé àti Ìsọ̀kan ní ẹ̀tọ́ láti wí fún ẹni tí ó bá mú ìwé ìbéèrè wá pé kí ó kọ́kọ́ ṣe ìlérí ọjọ́ tí yóò padà wá ka àbájáde rẹ̀ fún wọn ní èdè Yorùbá, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú iye tirẹ̀, láìdárúkọ ọmọ kankan. Ìdè ilẹ̀kùn kò wọ́n. Àgbá omi kan àti ọṣẹ kò kọjá agbára ẹgbẹ́ òbí. Bí wọ́n bá mọ̀ pé ìdè ni ó kù, wọn kò ní dúró de Òṣogbo.

Ó ku ọ̀rọ̀ àkókò. Àwọn olùṣèwádìí fẹ́ràn àti máa wá ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nítorí ọ̀nà dára. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà ọyẹ́, aṣọ tí a sá ní òwúrọ̀ ti gbẹ kí oòrùn tó yẹ̀ àtàrí, ọmọ yóò sì wí pé sísá aṣọ kò ni òun lára. Ní oṣù Okúdù àti Agẹmọ, òjò lè rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, aṣọ a sì wà nínú yàrá ní tútù, nígbà náà ni omi òjò pọ̀ tí omi fífọ̀ kò sì wọ́n. Ìbéèrè kan náà yóò mú ìdáhùn méjì wá lẹ́nu ọmọ kan náà, òtítọ́ sì ni méjèèjì. Kí a béèrè lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti lẹ́ẹ̀kan nínú òjò, kí a sì kọ oṣù tí a béèrè sí orí ìwé kọ̀ọ̀kan.